Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Òrùlé Agbo Ilé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mo ṣì ń bá ìyá bàbá mi sùn lórí ẹní kan, òrùlé kan ṣoṣo ló bo gbogbo wa ní agbo ilé wa ní Ìkìrun. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ fara balẹ̀ kí ó yé yín o. N kò sọ pé àwọn ilé wa sún mọ́ra. Mo ní òrùlé kan. Bí ẹ bá dúró láàrin àgbàlá, iyàrá ni ẹ ó máa rí yíká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló wà níwájú gbogbo iyàrá náà, òrùlé kan náà ló sì bo iyàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ títí tí ó fi yí po padà. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ọmọdé lè kúrò lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀, kí ó yí agbo ilé po, kí ó jẹ iṣu níhìn-ín, kí ó jẹ ẹ̀wà lọ́hùn-ún, kí ó sì padà délé láìjẹ́ pé ẹ̀kán omi kan ta sí i lára. Èmi fúnra mi kò gbẹ́yìn nínú irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti máa sọ pé àgbà ti tún bẹ̀rẹ̀, pé ohun àtijọ́ ló máa ń dùn lẹ́nu wọn. Ẹ má rí mi fín. Ilé náà ń jò. Èéfín a máa ta wá lójú, àkekèé a máa ta wá lẹ́sẹ̀, eku ilé wa kò sì bẹ̀rù ológbò kankan. Bí tọkọtaya bá ń jà nínú iyàrá, gbogbo agbo ilé ni yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ń jà lé lórí, wọn á sì ti dá ẹjọ́ náà kí àwọn tó ń jà tó jáde síta. N kò ní parọ́ fún yín nítorí pé mo ń sunkún ohun tó lọ.

Ṣùgbọ́n inú ilé náà ni bàbá mi wà. Wọ́n kú nígbà tí n kò tíì lè dá ojú wọn mọ̀. Ìyá mi padà sọ́dọ̀ ẹbí tiwọn, wọ́n sì lọ́kọ mìíràn, ó wá ku èmi àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi. Bàbá mi nìkan ni ọmọ tí Ọlọ́run fún Ìyá Àgbà. Láyé ìgbà náà, ilé ẹni ni wọ́n ń sin ẹni sí, a kì í gbé èèyàn wa lọ sí ẹ̀yìn ìlú bí ẹni tí kò lẹ́bí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sin bàbá mi sí, níwájú ẹnu ọ̀nà Ìyá Àgbà gan-an. Ẹ má rò pé wọ́n mọ nǹkan lé e lórí. Kò sí òkúta, kò sí sìmẹ́ńtì, wọn kò kọ orúkọ sí ibì kankan. Wọ́n tẹ́ ilẹ̀ náà padà, ó sì bá ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yòókù dọ́gba. Ta ni yóò ṣì í mọ̀? Ẹnu ọ̀nà wà níbẹ̀, òpó wà níbẹ̀, igun ògiri wà níbẹ̀. Ilé fúnra rẹ̀ ni àmì, kò sì sí ẹni tó rò ó rí pé ilé lè lọ.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn obìnrin máa ń pa ilẹ̀ agbo ilé. Ìgbẹ́ màlúù tí a fi omi ewé pò ni a fi ń pa á, ọwọ́ ni a sì fi ń pa á. A ó kúnlẹ̀, a ó máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi máa dán. Oníkálukú ló ń pa iwájú ilé tirẹ̀, Ìyá Àgbà kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá àwọn pa tiwọn, àfi èmi. Bí mo bá ń kánjú nítorí eré, wọ́n á gbá mi lọ́wọ́: “Rọra! Ẹ̀yìn bàbá rẹ lò ń fọ̀ yẹn.” Mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò mọ ojú bàbá mi, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ilẹ̀ ti rì díẹ̀ lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi, mo sì ń fọ ẹ̀yìn wọn. Bí ibẹ̀ bá ti gbẹ, a ó tẹ́ ẹní sí i, Ìyá Àgbà á máa bó ẹ̀gúsí, wọ́n á sì máa ròyìn ìlú fún ọmọ wọn: ẹni tó bímọ, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, pé èmi ọmọ rẹ̀ ti ń kà á ní ABD nílé ìwé. Bí mo bá ṣàìgbọràn, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti máa ń fẹjọ́ mi sùn. Mo bẹ̀rù ẹjọ́ yẹn ju pàṣán lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan ló ti Kùmásì dé. Bàbá kan náà ló bí àwọn àti bàbá mi, ìyá ló yà wọ́n. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà gbọ́ ìtàn yìí tán kí ẹ máa bú wọn. Àwọn ni wọ́n rán aṣọ ilé ìwé fún mi, tí wọ́n sì mú ọ̀rọ̀ ìwé mi ní pàtàkì. Ṣùgbọ́n ojú wọn ti rí ilé lẹ́yìn odi. Wọ́n lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan ní Òkukù, ọ̀rẹ́ náà ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí ojú títì, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì padà dé, oúnjẹ kò wọ̀ wọ́n lẹ́nu mọ́. Páànù tó ń kọ mànà! Fèrèsé onígíláàsì! Ilé tó kọjú sí títì, tí ẹni tó ń kọjá lọ á mọ̀ pé èèyàn gidi ló ń gbé ibẹ̀! Wọ́n ní tiwa kẹ̀yìn sí gbogbo ayé ni, ògiri lásán ni àlejò ń rí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pe ìpàdé ẹbí sí àgbàlá.

Ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ní ojú ń ti àwọn láti mú ọ̀rẹ́ wálé. Ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé ní kí ẹnikẹ́ni má bínú sí òun, ṣùgbọ́n òun fẹ́ ilẹ̀kùn tí òun lè tì. Àwọn ìyàwó ilé yòókù fi í rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ mo rí i tí àwọn kan nínú wọn ń mi orí jẹ́ẹ́jẹ́. Olórí ẹbí wa, bàbá arúgbó tí eyín wọn ti ń tán, ní: “Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí òrùlé bá ń jò, òrùlé là ń tún ṣe. Bí kálukú bá kọ́ tirẹ̀, tó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ta ni yóò gbọ́ ikọ́ mi?” Ọ̀dọ́kùnrin kan dáhùn pé, “Bàbá, ikọ́ yẹn náà ni kò jẹ́ ká rí oorun sùn,” ni gbogbo àgbàlá bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọ̀rọ̀ ilé kò tíì di ọ̀rọ̀ ẹkún nígbà náà.

Ìyá Àgbà jẹ́ kí wọ́n ròyìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Òkukù tán. Wọ́n wá béèrè pé, “Ó dára o. Ta ni wọ́n sin síbẹ̀?” Àwọn ọ̀dọ́ tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Ìyá Àgbà. “Ìyá, ó yé mi. Ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan iyàrá yín àti iwájú rẹ̀. Bí àbúrò mi ṣe wà níbẹ̀ náà ló máa wà. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ la máa kọ́lé gbà.” Ìyá Àgbà ní, “Mo gbọ́. Bí mo bá kú, ibẹ̀ náà ni kí ẹ tẹ́ mi sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ mi. N kò béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ yín.” “Ẹ ó pẹ́ fún wa, Ìyá,” ni gbogbo ilé dáhùn. Bí wọ́n ṣe fẹnu kò nìyẹn, kò sì sí ẹni tó bínú lọ sílé.

Nítorí eruku ilé wíwó, wọ́n ní kí Ìyá Àgbà lọ sinmi díẹ̀ ní Inísà, nílé bàbá tó bí wọn, kí n sì bá wọn lọ nítorí a ti gba họlidé. Àwọn yòókù fọ́n ká sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ ní Ìkìrun. Àwọn ará Inísà gbé Ìyá Àgbà gẹ̀gẹ̀, wọ́n ń gúnyán fún wọn, ṣùgbọ́n ńṣe ni wọ́n ń ṣe bí ìyá ọlọ́mọ tó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ wá sọ́jà. Bí òjò bá ṣú, wọ́n á bọ́ síta, wọ́n á kọjú sí ọ̀nà Ìkìrun. Nígbà tó yá, òjò àkọ́rọ̀ kan rọ̀, òjò oníjì, ọ̀nà sì bàjẹ́. Láti ìgbà náà ni Ìyá Àgbà kò ti lè jókòó síbì kan. Ọjọ́ tí bọ́lẹ́kájà àkọ́kọ́ rọ́nà gbà, inú rẹ̀ la wà.

Ẹ gbọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn wa. Mo ti sọ fún yín pé òrùlé kan ni. Àwọn èèyàn wa gbà pé àwọn lè yọ iyàrá kan sílẹ̀ nínú rẹ̀, bí ẹni ń bu ẹ̀bà. Nígbà tí wọ́n ṣí òrùlé tó wà lápá ọ̀tún Ìyá Àgbà àti èyí tó wà lápá òsì wọn, àwọn igi tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ ti já, òrùlé tó kù sórí iyàrá náà kò rí ohun tí yóò fara tì. Wọ́n fi pákó tì í, wọ́n fi ẹní bò ó, wọ́n ní ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá gba Òṣogbo lọ láti lọ wá páànù. Ẹ̀yìn wọn ni òjò náà dé. Ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé, ẹ̀yin náà mọ ohun tí òjò ń fi í ṣe. Iyàrá Ìyá Àgbà di òkìtì ẹrẹ̀.

Àwọn alágbàṣe tó ń bu bíríkì fún wa kì í ṣe ará ìlú. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn ni pé kí wọ́n má fọwọ́ kan iyàrá Ìyá. Wọ́n dé, wọn kò rí iyàrá kankan. Amọ̀ ni wọ́n rí, amọ̀ ilé àtijọ́ tó rin dáadáa, irú èyí tí àwọn tó ń mọlé ń wá kiri. Wọ́n kó o. Wọ́n wa ojú ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ ọn, gbogbo ilẹ̀ tí a ti ń fi ọwọ́ pa láti ọdún pípẹ́ wá, wọ́n gún un, wọ́n fi bu bíríkì, wọ́n sì tẹ́ ojú ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ fún ìpìlẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. N kò rí ẹni tí mo lè dá ẹ̀bi rẹ̀ fún, ìyẹn gan-an sì máa ń bí mi nínú.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo rò pé a ṣìnà ni. Ojú ọ̀run ni mo rí níbi tó yẹ kí n rí òrùlé wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ti Òṣogbo dé, wọ́n dúró sáàárín ilẹ̀ náà, wọ́n ká fìlà wọn mọ́wọ́, àwọn ará ilé sì yí wọn ká, wọ́n ń jiyàn. Ojú oórì bàbá mi ni wọ́n ń wá. Olórí ẹbí na ọ̀pá síbì kan: “Ibí ni. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi, ọwọ́ ọ̀tún mi ló máa ń wà.” Ẹnu ọ̀nà wọn dà? Ìyàwó ilé kan ní rárá o, lọ́hùn-ún ni, láti ìdí ìkòkò omi òun ni òun ti máa ń wò ó. Ìkòkò omi dà? Oníkálukú mọ ibẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, kò sì sí ẹnu ọ̀nà kankan mọ́. Ẹnì kan rí mi, ó kígbe pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà wá, ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Mo sáré kúnlẹ̀. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀ níhìn-ín, mo fi kan ilẹ̀ lọ́hùn-ún, mo ń wá ibi tó rì díẹ̀ yẹn. Ẹrẹ̀ ni. Ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Mo bú sẹ́kún, mo ń ké pe bàbá mi, èmi tí n kò pè wọ́n rí kí wọ́n dá mi lóhùn.

Ìyá Àgbà bọ́ bàtà. Wọ́n rìn wọ inú ẹrẹ̀ náà, wọ́n dúró, wọ́n yíjú síhìn-ín, wọ́n yíjú sọ́hùn-ún. Ohùn wọn kò tilẹ̀ lọ sókè nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀. “Ibo lẹ gbé e sí?”

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wó lulẹ̀, àgbà ọkùnrin, wọ́n ń sunkún tìkun tìkun. “Ìyá, ẹ dárí jì mí. Ibi tí ẹ bá ti nàka sí, ibẹ̀ la ó mọ sìmẹ́ńtì lé, a ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i, gbogbo ayé á máa rí i.” Àwọn ará ilé náà kúnlẹ̀, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n: Ìyá, ẹ ṣáà nàka síbì kan, Ọlọ́run mọ ọkàn yín. “N kò parọ́ fún ọmọ mi rí nígbà tó wà láyé,” ni Ìyá Àgbà wí. “N kò ní bẹ̀rẹ̀ lónìí.”

Àwọn aládùúgbò wá ń kí wa bí ẹni tí òkú ṣẹ̀ṣẹ̀ kú fún. Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn o, ẹ kú ìrọ́jú. Ìyá Àgbà dá gbogbo wọn lóhùn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì padà sí Inísà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Mo dì mọ́ ìró wọn, ṣùgbọ́n ilé ìwé mi wà ní Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi sì ní ọrùn àwọn ni ẹrù mi wà. Láti ọjọ́ náà, àlejò ni mo jẹ́ fún Ìyá Àgbà. Họlidé ni mo ń dúró dè kí n tó lè tún bá wọn sùn.

Ilé náà parí, ó sì dára. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Wọ́n kùn ún ní funfun, òpó sìmẹ́ńtì wà níwájú rẹ̀, wọ́n gbẹ́ òdòdó sí i lára, àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Òjò kò jò mọ́, iyàrá temi ní fèrèsé. Mo sùn dáadáa nínú rẹ̀, ìgbà mìíràn sì wà tí inú mi dùn síbẹ̀, tí n ó wá rántí pé bíríkì ara ògiri yìí, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa wà nínú rẹ̀, tí n ó fi ọwọ́ kàn án díẹ̀ kí n tó sùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà, mo ti rí wọn rí tí wọ́n fọwọ́ lé ògiri bẹ́ẹ̀.

A ti gba òmìnira nígbà tí Ìyá Àgbà kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó èèyàn lẹ́yìn, a lọ sí Inísà láti gbé wọn wá sílé ọkọ wọn, kí a sin wọ́n sí iwájú ilé ńlá náà. Àwọn ará Inísà ní ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀. Ìyá Àgbà ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé àwọn lọ sí Ìkìrun, pé bí wọ́n bá gbé àwọn débẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ibo ni wọn yóò tẹ́ àwọn sí? Ilé bàbá wọn ni wọ́n sin wọ́n sí. Ìyá sùn ní Inísà, ọmọ sùn ní Ìkìrun. Láti ìgbà tí a ti padà délé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò gbà kí ẹnikẹ́ni yin ilé náà létí wọn mọ́.

Agbo ilé pọ̀ ní Ìkìrun nígbà náà, ó pọ̀ ní Inísà, ó pọ̀ ní Òkukù. Gbogbo wọn ló ń lọ lójú mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Lónìí, bí ẹ bá gbé mi sójú títì tí ẹ kò sọ orúkọ ìlú fún mi, ilé tó wà níbẹ̀ kò lè sọ ọ́ fún mi: páànù, bulọ́ọ̀kù, géètì. N kò ní kí á padà sínú èéfín. Ohun tó ń dùn mí ni pé a kò béèrè ohun tí ilé ń bá wa pa mọ́ kí a tó wó o.

Ọmọ ọmọ mi kan ń kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà ní yunifásítì. Láìpẹ́ yìí ló wá bá mi, ó ní àwọn olùkọ́ ní kí àwọn wádìí bí ilé ṣe rí láyé àtijọ́, kí n bá òun ya tiwa. Mo gba bírò. Mo ya àgbàlá, mo ya ọ̀dẹ̀dẹ̀ yíká, mo fi ẹnu ọ̀nà gbogbo wọn síbẹ̀, ti olórí ẹbí, ti ìyàwó tuntun, ti Ìyá Àgbà. Ó ní, “Ìyá, ibo ni bàbá yín wà nínú rẹ̀?” Bírò mi kò tilẹ̀ dúró, mo tẹ àmì sí i. Inú ọmọ náà dùn. Ó ní ká lọ wo ibẹ̀ lójúkojú, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí Ìkìrun.

A dúró síbẹ̀ nínú oòrùn. Ó na ìwé náà síwájú, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó wo ilé, ó wo gọ́tà, ó wo ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kọ́ mọ́ ọn, ó tún wo ìwé. Nígbà tó gbójú sókè wò mí, mo rí i pé ó ti yé e pé kò sí ohun kan níbẹ̀ mọ́ tó bá ìwé náà mu. Mo ní kó ká ìwé rẹ̀, kò sí wàhálà. Lẹ́yìn náà ni mo kúnlẹ̀ kí n kí bàbá mi kí á tó máa lọ. N kò mọ ibi tí ó yẹ kí n kọjú sí, mo ṣáà kúnlẹ̀.